Ṣọ́ọ̀kì Etí Ìró

Ìyá ọkọ mi kì í so owó métí ìró. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Wọ́n kọ́ni ní ìṣirò l'Ọ́yọ̀ọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá ní ọbẹ̀ ti jinná, wọn á ní, "A ò tí ì débẹ̀."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, ọyẹ́ bo gbogbo ìta. Wọ́n ní kí n kọ "olórí kunkun" kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe nọ́ńbà tí nǹkan kan ò lè pín nìyẹn, àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Kí n fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí n fi òun náà kún un, kí n wá fi mọ́kànlélógójì lé e. Méjì di mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mẹ́ta di mẹ́tàléláàádọ́ta. Olórí kunkun ń bí olórí kunkun ṣáá, bí ẹni ń lálàá. Nígbà tí mo ṣe mẹ́tàdínlógójì tán, mo ní, "Mọ́mì, mo ti gbà. Kò lè yẹ̀."

"A ò tí ì débẹ̀, ìyàwó mi."

Mọ́kànlélógójì ló kàn. Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́: èyí tó bí ṣeé pín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́dún yìí, wọn ò dá mi mọ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tú ṣọ́ọ̀kì náà létí ìró wọn, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì. Ètè wọn ń tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́. Mo kọ mẹ́tàdínlógójì tán, mo fẹ́ kọ èyí tó kàn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "jẹ́ ká dúró síbí."