Ibà Wòsílátù àti Ẹnu Àwọn Ará Ilé

Mùnírátù kì í ṣe ẹni tí í tètè bínú. Iṣẹ́ aṣọ rírán ti kọ́ ọ ní sùúrù, nítorí aránṣọ tí kò bá lè fara balẹ̀, títú ni yóò máa tú aṣọ aláṣọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìgàndó gbà pé bí ènìyàn bá da ata sí i lójú, yóò kọ́kọ́ kí ẹni náà kó tó wá omi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Tọ́sìdeé kan nínú ọyẹ́ ọdún 1991, ara ọmọ rẹ̀ gbóná, sùúrù ọ̀hún sì tán kí oòrùn tó kan àtàrí.

Wòsílátù ni ọmọ náà ń jẹ́. Ọmọ ọdún méjì ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, kò sọ̀rọ̀, kò mu ògì, ó kàn gbórí lé èjìká ìyá rẹ̀. Nígbà tí Mùnírátù fọwọ́ kan án lọ́rùn, ó dà bí ìgbà tó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù eléèédú tó fi ń lọ aṣọ.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Nọ́ọ̀sì tó máa ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ti kọ́ wọn. Ó bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó fi pátá nìkan sílẹ̀ nídìí rẹ̀, ó fún un ní oògùn ibà olómi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, ó sì jáde lọ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí yóò fi nù ún lára kí wọ́n tó máa lọ sílé ìwòsàn.

Kó tó padà dé, Ìyá Gàníyù, ìyá ọkọ rẹ̀, ti kó bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bo ọmọ náà dé ọrùn, ó sì ti fi fìlà òtútù dé e lórí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ara rẹ̀ ti gbóná jù. Ẹ má bò ó."

"Gbóná kẹ̀? O ò rí i bó ṣe ń gbọ̀n ni? Òtútù ló wọ̀ ọ́ lára. Jẹ́ kó làágùn jàre."

Ìdílé Ìyá ló ni ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé lórí, àti púpọ̀ nínú èyí tó yí i ká. Kò sí ẹni tí í bá a jiyàn ládùúgbò. Ta wá ni Mùnírátù, ọmọ Ìṣẹ́yìn, tí yóò kọ́ ọ ní ìtọ́jú ọmọ? Mùnírátù ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò, ó ṣí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí nu ọmọ.

Ni oníbàárà kan bá kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. "Ìyá Wòsí, bùbá mi ńkọ́?" Ó sáré lọ bẹ̀ ẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi padà, fèrèsé ti di títì, bùláńkẹ́ẹ̀tì ti padà sórí ọmọ, òórùn àdí sì gba yàrá kan. Ìyá ti fi àdí ra Wòsílátù láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ìyá!"

"Má pariwo mọ́ mi. Ọmọ ọmọ mi ni."

Gàníyù wà lẹ́nu ọ̀nà. Bíríkìlà ni, kò sì rí iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ náà. "Bàbá Wòsí, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?" ni Mùnírátù bi í.

Ọkùnrin náà fọwọ́ họ orí. "Ohun tí Ìyá sọ ò burú. Ohun tí ìwọ náà sọ ò burú. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù ṣá."

Mùnírátù wò ó bí ẹni tí yóò da omi lù ú. Ibẹ̀ ni Ìyá Matilda, ará ilé kejì, wọlé nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Ó ní Ẹ̀mí ti sọ fún òun pé kí wọ́n má gbé ọmọ náà kúrò nílé títí aago mẹ́ta.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ máa gbàdúrà níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣí fèrèsé yẹn ná."

Ìyá Matilda ò tíì dé ìdí fèrèsé tí ojú Wòsílátù yí padà. Ara rẹ̀ le gan-an, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n jìgìjìgì.

"Gìrì!" Ìyá figbe ta. Ó fa ìgò àgbo kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ṣíbí. "Ẹ bá mi la ẹnu ẹ̀!"

Mùnírátù gbá ṣíbí náà dànù. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki nǹkan kan bọ ọmọ mi lẹ́nu!" Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ lórí ẹní bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wọn, ó sún àga kúrò nítòsí, ó jókòó tì í. Kò dì í mú, kò da omi sí i. Bóyá ìṣẹ́jú méjì ni, ṣùgbọ́n ó gùn lójú rẹ̀ ju oyún oṣù mẹ́sàn-án lọ. Nígbà tí ara ọmọ dẹ̀, tó ń mí dáadáa, ó gbójú sókè.

"Bàbá Wòsí, ẹ wá ọ̀kadà. Nísinsìnyí!"

Gàníyù ò tíì rí bàtà rẹ̀ tí Ìyá Matilda fi ju àbẹ́là sílẹ̀, tó sáré já sí títì. Ọ̀kadà méjì ló dá dúró. Ìyá gun èkejì láìjẹ́ pé ẹnì kankan pè é.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí wọ́n lọ gba káàdì. Ẹni tó ń kọ káàdì ti lọ jẹun. Mùnírátù gbé ọmọ kọjá tábìlì rẹ̀, ó wọlé tọ nọ́ọ̀sì lọ.

"Gìrì mú un nílé," ló wí. "Ẹ bínú sí mi tó bá yá."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì kó oògùn ọjọ́ mẹ́ta lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ń fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló fi àdí ra ọmọ yìí? Ṣé ẹ ò rọ ọ́ lágbo ṣá?"

Mùnírátù wolẹ̀. Ìyá ló dáhùn. "Èmi ni mo fi àdí ra á. Mo fẹ́ rọ ọ́ lágbo, ìyá ẹ̀ ni ò gbà fún mi."

"Ó ṣe dáadáa. Ọmọ tí gìrì bá mú, ohun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Ó lè sé èémí mọ́ ọn nínú, kó pa á."

Nígbà tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Wòsílátù ń sùn láàárín wọn, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Mọ́ṣúdù ni àkọ́bí mi. Òun ló ṣáájú Gàníyù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí gìrì mú un. Mo la ẹnu ẹ̀, mo rọ ọ́ lágbo, ó ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, ó wá dákẹ́. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pé àgbo yẹn ni kò pọ̀ tó."

Inú ṣì ń bí Mùnírátù. Ó rẹ̀ ẹ́, àdí ti ba bùbá rẹ̀ jẹ́, ó sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó ti dì sínú láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ìyá arúgbó náà tó ń fi etí ìró rẹ̀ nu àdí kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ.

"Ẹ ò mọ̀ ni, Ìyá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kò sẹ́ni tó sọ fún yín."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara ọmọ ti rọ̀. Ó jí, ó béèrè ẹ̀kọ, kò sì yé béèrè títí wọ́n fi fún un. Mùnírátù se ọbẹ̀ ẹja fún àwọn àgbà. Ó ń gbé ìkòkò bí ẹni tí ìkòkò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń bu oúnjẹ, orí ẹja ló bù sínú abọ́ Ìyá.