Ọdún Tí Mo Kọ́ Irun Dídì

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Yassa, ní ìlú Douala lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe irun mi ṣí ìgò kékeré kan, ó da òróró dúdú inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, òórùn rẹ̀ sì dé imú mi kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé orí mi. Àdín ni. Màǹyáǹgà ni àwọn ará ibí ń pè é, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí sì máa ń dimú tí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀. Èmi ò dimú. Mo dijú ni, mo sì bá ara mi ní àgbàlá wa ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar, nínú New Bell, lọ́dún tí ìjà Bakassi láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù sé ọ̀nà mọ́ màmá mi.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá lọ, láti lọ sin bàbá rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa lò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi máa pé, àwọn sójà ti ń yìnbọn síra wọn létí omi, wọ́n ti há ẹnubodè mọ́ àwọn tó fẹ́ wọlé, àwọn ọlọ́pàá sì ń béèrè káàtì séjúù, ìwé ìgbélùú, lọ́wọ́ gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bá rí. Nínú ìdílé Nàìjíríà márùn-ún tó wà ní àgbàlá wa, mẹ́rin kó ẹrù wọn padà sílé. Àwa nìkan ló ṣẹ́ kù. Ní ilé ìwé, Solange tí a jọ ń jókòó kó ìwé rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ sí ìjókòó iwájú. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, Tóyìn àbúrò mi sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún.

Irun tí Màmá dì fún wa kó tó lọ la gbé kiri títí ó fi rí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Olùkọ́ Tóyìn wá fi ìwé ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n tún orí ọmọ náà ṣe kó tó di ọjọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má wá. Bàbá ka ìwé náà, ó wo orí wa, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká fá a. Irun á hù.” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n Tóyìn fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó sunkún títí ó fi ń ṣe òsúkè.

“Màmá ò ní dá mi mọ̀ tó bá dé.”

Bàbá mi, tó ń ta bàtà lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kì í lè fọ̀rọ̀ borí rẹ̀, ká ìwé náà, ó fi í sápò. Ó ní fífá náà di ọjọ́ Àìkú.

Mo gba ilé Màmá Àgbà lọ, obìnrin tó dàgbà jù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò, kò lè di òòyà mú mọ́. Ó ní, “Ẹnu mi nìkan ló kù tó lè dìrun.” Ó ní kí n tú etí àpò ìrẹsì kan, kí n so àwọn okùn rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga, ó sì gbàdúrà lé e lórí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èwo ni ti àdúrà lórí àpò ìrẹsì?

Ó rí i lójú mi, ó ní, “Ọlọ́run tó fún àwọn tó kọ́ àgọ́ rẹ̀ láginjù ní ọgbọ́n ọwọ́, ṣé irun ló máa ṣòro fún? Àmọ́ kò fún wọn kí wọ́n fi máa yangàn o. Kí wọ́n fi sìn ni.” Lẹ́yìn náà ló wá di ọ̀gá mi: “Mú díẹ̀ láti abẹ́. Díẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe gbogbo Douala.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi di okùn àpò. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé Tóyìn sáàárín orúnkún mi láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùkú ni mo ní lọ́kàn. Gbogbo ìlà rẹ̀ wọ́ sí apá òsì, orí ọmọ náà sì dà bí ẹni tó ń yẹra fún oòrùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ wò ó, ó yà fún un, Tóyìn sì wọlé. Láti ìgbà náà, Sátidé ò fi bẹ́ẹ̀ gùn mọ́ lójú mi. Àárò Màmá ń sọ mí, àmọ́ ọwọ́ mi ń ṣe nǹkan.

Ó di oṣù kẹwàá tó ti lọ kí Màmá tó dé. Ó ti rù. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, ó gbé àpótí síta, ó da àdín sí àtẹ́lẹwọ́, ó pe Tóyìn. Tóyìn mú òòyà, ó sáré kọjá lára rẹ̀, ó wá jókòó sáàárín orúnkún mi.

“Sistá ló máa ń dì í fún mi.”

Inú mi dùn. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi dé egungun. Ìgbà náà ni mo wá rí ọwọ́ Màmá tó ṣì nà sílẹ̀ pẹ̀lú òróró nínú rẹ̀. Ó rọra fi àdín náà pa apá ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà nípa ìyangàn sọ sí mi lọ́kàn, ojú sì tì mí. Mo ṣe irun Tóyìn kíá. Lẹ́yìn náà mo tú tèmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, mo lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá mi. “Màmá, ẹ bá mi dì í. Mi ò rí ìpàkọ́ ara mi.” Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, omi kan kán sí ìlà orí mi, kì í sì í ṣe òróró.

Tẹ́lẹ̀, oorun ni mo máa ń sùn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mi ò lè sùn. Mo mọ ìlà tó kàn. Mo mọ ibi tó ti mú irun púpọ̀ jù. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà tí a gbà sórí àpò ìrẹsì, mo sì ń dúpẹ́ títí dòní, ṣùgbọ́n kò fi ọmọ tó gbàdúrà náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti di ẹni tó lè ranni lọ́wọ́, àárò ọmọ tó lè sùn náà sì ń sọ mí.

Màmá ti lọ sinmi báyìí. Tóyìn wà lókè òkun, wọ́n sì ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí àgbàlá wa. Ní ṣọ́ọ̀bù Yassa, onídìrí náà wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí lédè Faransé pé kí ló dé tí ìka mi ń rìn lórí orúnkún. Mo wo ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n ń dìrun, wọ́n sì ti fi ìlà kan ṣáájú tirẹ̀. Mo ká wọn jọ, mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, mo sì tún dijú, bóyá màá lè sùn.