Ẹ̀sùn Táífọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Fi Kàn Mí

Mi ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Oregun ni mo ti ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo àwa tá à ń fọwọ́ kan oúnjẹ ní kántíìnì la máa ń gbé ìgbẹ́ wa fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ó ń tì mí lójú, àmọ́ mò ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí níṣojú àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́. Ó dúró jìnnà sí mi, ó ní àyẹ̀wò ti fi hàn pé mo ní táífọ́ọ̀dù nínú, kí n bọ́ épírọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ara mi le. Orí lásán kì í fọ́ mi."

Ó ní ohun tó tiẹ̀ burú níbẹ̀ nìyẹn, pé kò ní ṣe èmi ní nǹkan kan, àwọn ẹlòmíì ni màá máa kó o ràn. Ó tún ní kí n má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, òun á ṣí i fún mi.

Kí n tó dé Agége, ọ̀rọ̀ ti dé ilé. Obìnrin tá a jọ ń gbé ilé kan náà, tó máa ń tọrọ ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ fọ ẹnu ẹ̀rọ omi tí mo bá ti pọnmi tán, lójú mi báyìí. Mo lo oògùn tí wọ́n ní kí n lò títí inú mi fi dà rú. Wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe, táífọ́ọ̀dù náà ni. Èmi fúnra mi wá ń bẹ̀rù ọwọ́ ara mi, mi ò bu oúnjẹ fún ọmọ-ọmọ mi mọ́. Ẹkún ìyẹn ni mo sun jù.

Ìgbà tó yá, obìnrin ará Èkìtì kan wá mi wá sílé. Ó ní dókítà ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí lòun. Mo rò pé ìgbẹ́ ló tún fẹ́ gbà.

Mo ní, "Kò sí èyí tó kù. Ẹ lọ gba ti ẹlòmíì."

Ó rẹ́rìn-ín, mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní torí pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá àyẹ̀wò yẹn ṣeé gbára lé lòun ṣe kó àwọn kòkòrò tí láàbù tó ń yẹ ìgbẹ́ wa wò pè ní táífọ́ọ̀dù jáde nínú fíríìsà wọn, tèmi náà wà níbẹ̀, tí òun sì fi ẹ̀rọ ka àbùdá wọn látòkè délẹ̀. Ó ní ẹ̀wù tí kòkòrò wọ̀ nìkan ni àyẹ̀wò yẹn ń wò. Èyí tó wà nínú mi wọ irú ẹ̀wù táífọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kì í ṣe táífọ́ọ̀dù, kì í sì í fà á. Jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló ń gbé.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé yúnifọ́ọ̀mù ni wọ́n wò tí wọ́n fi na ọmọ ọlọ́mọ?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

Ó lọ ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́. Wọ́n pa àyẹ̀wò yẹn tì, wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní kí n má bínú, fóònù ẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo padà, ìdí ìkòkò ẹni tá a jọ ń dáná ni gbogbo òṣìṣẹ́ tò sí. Èmi dúró ti ìrẹsì mi pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni dókítà yà wá kí mi. Inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé òun máa jẹun, gbogbo wọn á sì rí i. Mo bu ìrẹsì kún abọ́, mo fi ẹran tó tóbi jù lé e lórí, mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ó wo abọ́ náà. "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Mo ti jẹun nílé. Ẹ bá mi wá omi oníke, èyí tí wọn ò tíì ṣí."

Mo gbé omi fún un. Mo fa àga, mo jókòó kọjú sí i, mo sì fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara mi.

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kà á látòkè délẹ̀."

Mo jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀, mo fá abọ́. Kò ṣí omi náà.