Ẹ́ńjìnnì Lọ́rì Nínú Ẹ-Bá-Mi-Tì-Í

Ẹni tó bá wà ní Ìwó ní ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, tó ní òun kò mọ Sàlàkọ́ mẹkáníìkì, irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe pé Sàlàkọ́ ga, kì í sì í ṣe pé ó lẹ́wà. Ká má purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, imú rẹ̀ a máa kọ́kọ́ dé ibi tó bá ń lọ kí òun alára tó dé. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ kékeré dúdú kan ni, tí wọ́n ti ṣe kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń ra kòkó ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Nígbà tí Sàlàkọ́ fi máa rí i, koríko ti hù láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú, adìẹ sì ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọdún méjì gbáko ló fi tún un ṣe. Ọkọ̀ dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára kò sí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, á máa sáré bí ewúrẹ́ tó jí iṣu gbé. Bó bá kan òkè, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dúró gbọnin. Sàlàkọ́ á wá yọ imú lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi tì í." Àwọn ọmọ ilé kéú ló fi gbólóhùn yìí sọ ọkọ̀ náà lórúkọ: Ẹ-Bá-Mi-Tì-Í. Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín sí i níta. Bó bá délé tán ni ojú rẹ̀ máa ń pọ́n.

Ìyá tó bí bàbá rẹ̀, Àbẹ̀ní, ló kù fún un nílé. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún un lọ́nà Kuta. Oko náà kò tóbi, ṣùgbọ́n Sàlàkọ́ nìkan lọmọ, kò sí ẹni tó ń bá a du ú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún ló máa ń débẹ̀, á já kòkó, á padà sídìí ẹ́ńjìnnì.

Ṣẹ̀fíátù, ọmọ Àmúdà àgbẹ̀ ní Ilé-Ogbó, ni ó ń fẹ́. Wọ́n ti tọrọ rẹ̀, àwọn ẹbí ti gbọ́, ó ku kí wọ́n dá ọjọ́. Àfẹ́sọ́nà kì í sì í dúró kí ọkọ rẹ̀ rí ojú rẹ̀. Bí Sàlàkọ́ bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Ṣẹ̀fíátù á ti fò wọlé, á lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí Sàlàkọ́ mọ̀ lára rẹ̀ ò ju gìgísẹ̀ méjì tó ń sá lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Àmúdà wá kírun ní Ìwó. Sàlàkọ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní dandan, òun ló máa gbé wọn padà sílé. Ó gbé wọn dé ìdí òkè tó wà lẹ́yìn odò. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Bàbá, ẹ dákun..."

Àgbàlagbà ká agbádá funfun sórí èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Èéfín dúdú sì ń tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀ sí wọn láyà.

"Sàlàkọ́, ṣé èmi ni mo gun ọkọ̀ ni, àbí ọkọ̀ ló gùn mí?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

"Díẹ̀ yẹn náà ni mo ti ń tì láti ìsàlẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n délé, agbádá funfun ti dúdú bí ẹ̀wù ọdẹ. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ tó gba imú jáde. Ẹ̀rín yẹn ni Sàlàkọ́ gbé lọ sílé. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ sí i títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìwé fi dé. Ṣẹ̀fíátù ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́. Ìwé kìíní ni wọ́n ṣì wà. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ a, b, d ná. Àmì tó ń lọ sórí ọ̀rọ̀ àti èyí tó ń lọ sí ìdí rẹ̀, ó di ìwé kejì. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Boda Salako, mo ki yin. Baba ni oko yin kere. Won ni awon ko le fi omo won fun eni ti oko re kere. E se e ki o tobi kia. Mo n reti yin. Emi ni Sefiatu."

Sàlàkọ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Òun náà kò ju ìwé kìíní lọ. Ojoojúmọ́ ló ń fọwọ́ kan ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni àna rẹ̀ ti ọkọ̀. Ohùn mìíràn wo ni ì bá tún fi kà á?

"Ìyá àgbà, Bàbá Ṣẹ̀fíátù ní ọkọ̀ mi kéré."

"Wọ́n ti tì í, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wí," ni Àbẹ̀ní dá a lóhùn, tó sì ń ran òwú rẹ̀ lọ. Ìyá kò mọ̀wé. Ohùn tí ọmọ fi kà á náà ló gbọ́.

Sàlàkọ́ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò lágbára àtira ọkọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n kí ni títóbi ọkọ̀ bí kò ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀? Mùrí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní lọ́rì kan tó já bọ́ lórí afárá nígbà òjò. Ara lọ́rì ti rún wómúwómú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló yè. Ó lọ bá Mùrí.

"Owó kọ́ ni mo fẹ́," ni Mùrí wí. "Lọ́rì ti sú mi. Ilẹ̀ ni mo fẹ́. Ilẹ̀ kì í já bọ́ lórí afárá. Fún mi ní oko bàbá rẹ lọ́nà Kuta, kí o máa gbé ẹ́ńjìnnì lọ."

Nígbà tí Àbẹ̀ní gbọ́, òwú já mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Àjàní," ó fi oríkì pè é, "oko tí bàbá rẹ fi ẹ̀yìn tó tẹ̀ yẹn gbìn?"

"Ìyá àgbà, ìyàwó ni mo fẹ́ fẹ́, n ò fẹ́ kòkó."

"Kòkó ló fẹ́ ìyá rẹ fún bàbá rẹ."

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ayé òde òní kọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ààlà oko han Mùrí.

Ẹ̀yìnkùlé wọn, lábẹ́ igi máńgòrò, ló ti ṣiṣẹ́ náà. Ó ri òpó igi mẹ́ta, ó so orí wọn pọ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré, ó yọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí eyín ọmọdé. Èyí tó máa wọlé ló dogun. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì gùn ju ihò rẹ̀ lọ ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Bó bá ti iwájú wọlé, ẹ̀yìn á yọ. Bó bá ti ẹ̀yìn wọlé, iwájú á kọ̀. Àwọn aládùúgbò gbé àpótí jókòó, wọ́n ń wòran.

"Sàlàkọ́, ṣé erin lo fẹ́ kó sínú ìkarahun ìgbín?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná."

"Kí o parí rẹ̀, àbí kó parí rẹ?"

Ó fi ayùn irin gé ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó. Alágbẹ̀dẹ rọ irin mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì máa gùn lé. Rádíétọ̀, ilé omi ẹ́ńjìnnì, kò ríbi wọ̀, ó gbé e síta níwájú, ọkọ̀ bá yọ imú gbọọrọ. Gbogbo àdúgbò gbà pé ó ti wá jọ ẹni tó ni ín. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò pa dé mọ́. Iwájú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwúwo, ó sì ní láti fi irin ìsàlẹ̀ lọ́rì gbè é nídìí. Gíà tóbi débi pé ó gba inú ilẹ̀ ọkọ̀ jáde, tí Sàlàkọ́ fi ní láti yọ ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ sọnù. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń rí Ṣẹ̀fíátù lọ́kàn rẹ̀, tó jókòó, tó ń fi imú rẹ́rìn-ín.

"Kò burú," ló wí fún ara rẹ̀. "Ẹ̀yìn náà dára."

Láàárín iṣẹ́ yìí ló fèsì ìwé: "Sefiatu, mo ti gbo oro Baba. Mo n se oko naa lowo, n ko sinmi. Ti mo ba se e tan, ko ni si iru e ni gbogbo Iwo."

Ṣẹ̀fíátù ka ìwé náà fún bàbá rẹ̀. Ó ka oko, oko tí wọ́n ń ro, tí wọ́n ń gbin kòkó sí, nítorí oko náà lòun kọ́kọ́ kọ. Inú Bàbá Àmúdà dùn. Ẹni tó ń jẹun nídìí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀; oko ló ń bọ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Kuta, wọ́n rí alágbàṣe mẹ́fà nínú oko Sàlàkọ́, tí wọ́n ń ṣán igbó kọjá ààlà àtijọ́. Bàbá wá mirí, wọ́n ní, "Ọmọ yìí gbọ́ràn." Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé alágbàṣe Mùrí ni. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí Sàlàkọ́ máa bọ̀, kí àwọn dá ọjọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Sàlàkọ́ yí irin tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì níwájú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù. Adìẹ fò gun òrùlé. Ìkòkò Àbẹ̀ní gbọ̀n títí ó fi kúrò lórí àdògán. Nígbà tó dé ìdí òkè, ọkọ̀ kò wúkọ́, kò rọra. Ó gun òkè bí ẹni pé ẹnì kan ló ń fà á láti ọ̀run. Sàlàkọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó pariwo "Alhamdulillahi!" títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àmúdà.

"Káàbọ̀, Sàlàkọ́. Mo gbọ́ pé o ti ṣe é."

"Mo ti ṣe é, Bàbá. Ó ti tóbi."

"Mo rí i. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó lọ. Ó ti ń wọ inú igbó lọ."

Sàlàkọ́ yí ojú padà. "Kò wọ igbó rí, Bàbá. Ojú títì ló ń rìn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Oko ń rìn lójú títì?"

"Dáadáa, Bàbá. Ẹ kò sì ní tì í mọ́. Òun ló wà níta yẹn."

Bàbá yọjú síta, wọ́n rí ọkọ̀ tó yọ imú, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀.

"Oko ni mo wí. Oko, Sàlàkọ́! Ibi tí wọ́n ń gbin kòkó."

Sàlàkọ́ ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń gbọ́ ìwé náà bí ẹni pé wọ́n ń tún un kà sí i létí pẹ̀lú ohùn mìíràn.

"Àwọn alágbàṣe tí mo rí ńkọ́?"

"Ti Mùrí ni, Bàbá. Mo... mo fi oko gba ẹ́ńjìnnì."

Bàbá Àmúdà kò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn jókòó.

"Ẹni tó ta oko ra ariwo," ni wọ́n wí, "kí ni yóò fi bọ́ ọmọ mi?"

Sàlàkọ́ tẹ́tí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ ẹ̀rín kankan.

Kí wọ́n tó já kòkó ọdún yẹn tán, Bàbá Àmúdà ti fi Ṣẹ̀fíátù fún Mùrí. Mùrí kò gba ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà lóko nígbà tí wọ́n ń wá olóko. Kò sẹ́ni tó bi Ṣẹ̀fíátù léèrè. Irú ojú wo ni Mùrí ní, n ò mọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló wá bá Sàlàkọ́ lábẹ́ máńgòrò.

"Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ rẹ nìkan ló lè gba òkè yẹn láìjẹ́ pé ìyàwó sọ̀ kalẹ̀. Bá mi gbé e wá."

Àbẹ̀ní ní kó má lọ. Sàlàkọ́ ní bí òun kò bá lọ, wọ́n á ní òun ń jowú. Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, ó gbé Ṣẹ̀fíátù àti ìyàwó ilé méjì kúrò ní Ilé-Ogbó. Ìyàwó da ìborùn bojú, ó jókòó sẹ́yìn. Iwájú ṣófo, gíà nìkan ló wà níbẹ̀.

Wọ́n dé ìdí òkè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Sàlàkọ́ gbàdúrà kí ọkọ̀ òun kú. Kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Kí ó lè yọjú, kí ó ní ẹ dákun, kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, kí òkè yẹn dá wọn dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Bọ̀dá Sàlàkọ́," ni ohùn kan pè é jẹ́jẹ́ láti abẹ́ ìborùn.

Kò wẹ̀yìn. "Mo ń gbọ́."

"Wọ́n ti fún wa ní ìwé kejì, èyí tó ní àmì."

Sàlàkọ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì náà gun òkè lọ. Kò tilẹ̀ wúkọ́.