Yóyò Mojí àti Ẹja Ìgbókòdá

Ẹ fún mi láyè, kí n ròyìn ohun tí yóyò fi ojú mi rí. Èmi Bàbá Olú yìí, mo dúró síwájú ilé mi ní Òkìtìpupa, mo ju yóyò kan sí ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò. Okùn rẹ̀ tú, ó tú, ó tú títí ó fi dé etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nígbà tí mo fà á padà, ẹja ló gbé e há sẹ́nu. Ẹja tútù! Ó ṣì ń ju ìrù! A sè é, a fi jẹ pupuru, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣù roboto, tí wọ́n fi èéfín iná gbẹ kí wọ́n tó rò ó, lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹja yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ yóyò: pákó roboto méjì ni, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Irin tín-ín-rín kan wà láàárín wọn, okùn sì wé mọ́ irin náà. Ẹ ó ki ìka bọ okùn, ẹ ó jù ú sísàlẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò tún gun òkè padà sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Èyí tó bá dára máa ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń sùn! Yóò dé òpin okùn, yóò máa yí níbẹ̀ jẹ́ẹ́ láì fì, títí ẹ ó fi ta á jí. Oorun yẹn ni àwa tí a mọ̀ ọ́n jù fi ń dá ojúlówó mọ̀.

A lẹ́gbẹ́ o. Ní ọ̀sán Sátidé, a máa ń pàdé lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Àgbà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, àwọn kan ń ti Àyèká wá, àwọn kan ń ti Ìjù-Odò. A tún ní gúrúùpù lórí fóònù. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń jà jù, nítorí kò sẹ́ni tó lè fa aṣọ ẹnì kejì ya níbẹ̀.

Kí là ń jà lé lórí? Mojí ni. Ọmọ olóògbé ọ̀rẹ́ mi kan ni, kápẹ́ńtà ni bàbá rẹ̀. Bàbá fi ẹ̀rọ tó ń yí igi sílẹ̀ fún un, òun náà wá ń fi ṣe yóyò tà. Ṣé yóyò lásán ni? Rárá o! Ó ṣe èyí tó dà bí ahun. Ó ṣe èyí tó ń tanná, iná inú ṣìgá-láítà ló yọ fi sí i. Ó tiẹ̀ ṣe èyí tó rí bí ìṣù pupuru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ó dúdú lára, ó ń rùn bí èéfín fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bù ú jẹ!

Tísà kò gbà. Tísà yìí, ojúgbà mi ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ká máa bá èèyàn wí. Ó ní òun kò bá àrà jà.

“Yóyò ni mo fẹ́ rà,” ó wí, “n kò ra ère. Kí ló dé tí gbogbo yóyò ọmọ yìí ń fì sí apá kan bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ?”

Dárá tó ń gun ọ̀kadà ló dá a lóhùn. “Ẹ̀yin Tísà, ọmọdé wo ló ń ra oorun? Èyí tó ń tanná lọmọdé ń rà! Ẹ ti dàgbà, ẹ sinmi.”

“Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa sọ ọ́,” ni Tísà wí. “Ọ̀kadà rẹ kún fún sítíkà, kò ní búréèkì!”

Àríyànjiyàn yìí kò tán. Wọ́n á jí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní àrà ló ń ta ọjà, àwọn kan ní àrà ni Mojí fi ń bo iṣẹ́ tí kò dáa mọ́lẹ̀. Ó dùn mí. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi mà ni! Ni mo bá gba ìjà rẹ̀ jà. Mo gbé fóònù, mo kọ ọ̀rọ̀ ẹja sórí gúrúùpù. Mo tún ní kí Dárá ya mí ní fọ́tò: yóyò pupuru lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹja lọ́wọ́ òsì, okùn lẹ́nu ẹja.

Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́tò náà rìn! Ó rìn dé Àjàgbà. Àwọn oníyóyò ibẹ̀ ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí i ní Sátidé.

Wọ́n sì wá lóòótọ́.

Mojí tẹ́ ẹní, ó to yóyò rẹ̀ sórí rẹ̀. Ará Àjàgbà kan mú èyí tó dà bí pupuru, ó jù ú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fì sọ́tùn-ún, okùn lọ́ mọ́ ọn lára, ó dákú. Wọ́n mú ahun. Ahun dákú. Èyí tó ń tanná náà dákú, tòun ti iná lójú!

“Bàbá, ẹja dà?” ni wọ́n ń bi mí. Ẹ̀rín ta! Fọkanáísà fi táyà sílẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Mojí kò bínú sókè. Ó ká ẹní rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó rọra sọ̀rọ̀: “Bàbá Olú, ẹ ṣeun o. Kí n ní yóyò tí kò dáa, ó tó mi í gbé. Ẹ tún wá fi ẹja kún un fún mi.”

Ó wá ní òun máa ta ẹ̀rọ bàbá òun. Ọkùnrin kan láti Ọ̀rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un tipẹ́, ó sì máa wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ̀rọ yẹn! Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ rù ú wọ ilé lọ́jọ́ tó rà á. Ṣé lójú mi báyìí ni wọ́n á ti gbé e lọ, nítorí ẹja?

Láti ọjọ́ náà, ara mi kò lélẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà. Ìyàwó mi bi mí bóyá ìjàlọ ló wọ ṣòkòtò mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì ní ká kúnlẹ̀ gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ìka mi kò gbọ́? Ó ń ju yóyò lábẹ́ sùtánà! Arákùnrin tó kúnlẹ̀ tì mí rò pé ẹ̀mí ti bà lé mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké halelúyà.

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo kọrí sílé Mojí láàárọ̀ láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ni mo bá ní ilé ìdáná, pupuru ló ń ṣe tà. Ó ti to ìṣù pupuru sórí àjà, iná ń jó lábẹ́ wọn. Àgbà kì í fi ikùn òfo bẹ èèyàn. Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan létí àjà.

Ó fi igi gbá mi lọ́wọ́! “Bàbá Olú, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀! Èyí tó wà láàárín iná ló gbẹ. Ṣé tàárín àti tetí máa ń gbẹ bákan náà ni? Láti ìdájí ni mo ti ń pààrọ̀ àyè wọn.”

Mo ń fẹ́nu fẹ́ ọwọ́ mi lọ́wọ́ ni mo gbójú sókè. Igi rọ́bà tí Mojí gé fún yóyò ló wà lápá kejì àjà kan náà, ó ń gbẹ nínú èéfín. Ó tò wọ́n bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì: gbogbo apá òsì yóyò lórí ìlà tó wà láàárín iná, gbogbo apá ọ̀tún lórí ìlà etí. Ìyá rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àjà nígbà tí pupuru bá wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó yí igi wọ̀nyí rí!

Mo mú ọ̀kan nínú ìlà yìí, mo mú ọ̀kan nínú ìlà yẹn. Yéè! Ọ̀tún wúwo ju òsì lọ!

Mo pariwo Mojí. Ó sáré jáde, èérún igi kún orí rẹ̀. Mo kó méjèèjì lé e lọ́wọ́. Ó gbé wọn wò, ó pààrọ̀ ọwọ́, ó tún gbé wọn wò. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Iná ni?” ó wí. “Láti ọjọ́ yìí, iná ni? Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò jọ ti bàbá mi.”

Mo ṣe bí ẹni pé èéfín kó sí mi lójú.

Ó dìde, ó ṣa méjì tó gbẹ bákan náà, ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ó yí i, ó fi irin sí i, ó so okùn mọ́ ọn. Pupuru náà ló tún ṣe, nítorí olórí líle ni, kò fi àrà rẹ̀ sílẹ̀. Ó jù ú. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó sùn! Ìyá rẹ̀ mú orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó kọ ẹsẹ kan tán, ó wọ ègbè, yóyò ń sùn!

Mo sáré kọ ọ́ sórí gúrúùpù. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn? Àwòrán ẹja. Ẹja, ẹja, ẹja títí dé ìsàlẹ̀ fóònù. Ará Àjàgbà kan bi mí bóyá àbùùbùtán ló gbé bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àní Dárá, Dárá tèmi!

Mojí ní òun kò gbé yóyò lọ sábẹ́ máńgòrò mọ́ kí wọ́n tún fi òun ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí Tísà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó dán an wò, tó ní ó dáa, òun á ní kí ọkùnrin Ọ̀rẹ̀ jókòó sílé rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ibi tí Tísà bá tẹ̀ sí ni ẹgbẹ́ ń tẹ̀ sí.

Mo dé ilé Tísà, mo bá a níta, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ lórí àpótí.

“Dìde, Tísà. Yóyò Mojí ń sùn.”

“Bí ẹja ṣe ń ju ìrù?”

“Ẹja yẹn kò tóbi tó bí mo ṣe wí.”

“Bàbá Olú.”

“Bóyá kò ju ìrù mọ́ nígbà tó dé.”

“Bàbá Olú!”

Ó ní òun kò níí gbé ẹsẹ̀ òun kúrò lórí àpótí. Ó ní níwájú gbogbo ayé ni mo ti pa irọ́, níwájú gbogbo ayé ni kí n ti kó o jẹ, kí n sì fi ọwọ́ mi kọ ọ́, kí n má fi ohùn sọ ọ́. Mo ní n kò ka ìwé kọjá prámárì fóò. Ó ní prámárì fóò tó o.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ báyìí, tí mo ń fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo tẹ gbogbo èyí. Ó ń wò mí láti orí awò ojú rẹ̀. Ọ̀la lọjọ́ Ẹtì!

Ẹ̀kọ́ wo ni mo wá rí kọ́? Àrà dára, àmọ́ kí ohun tí ń bẹ lábẹ́ àrà gbẹ dọ́gba. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bá ọ̀rẹ́ polówó ọjà, ẹ rọra. Irọ́ tí mo fi gbé yóyò Mojí ga ni kò jẹ́ kí wọ́n gba òótọ́ rẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fẹnu ba nǹkan ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ rí, tó rò pé òun ń tún un ṣe? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ èmi nìkan ni Tísà á máa wò báyìí.

Ó dáa. Ẹja yẹn, mo rà á ni. Obìnrin kan tó ń kó ẹja bọ̀ láti Ìgbókòdá ló tà á fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tí Dárá ya fọ́tò. Ó ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Èmi ni mo fi okùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Okùn yóyò náà kò sì gùn ju ìdodo mi sí ilẹ̀ lọ. Ẹja nìkan ni mo hùmọ̀. Oorun tí yóyò Mojí sùn títí ìyá rẹ̀ fi kọrin dé ègbè, òótọ́ ni.

Tísà, mo ti kọ ọ́. Wọ bàtà rẹ.