Omi Tí A Wá ní Ilo-Awela

Nígbà tí mo wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti àyíká ní yunifásítì kan ní Ọ̀tà, gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ò lè kún bọ́ọ̀sì kékeré kan. Àwọn ará ilé mi máa ń bi mí pé, "Ṣé àgbẹ̀ lo fẹ́ ṣe ni?" Èmi gan-an ò mọ ohun tí a máa fi ẹ̀kọ́ náà ṣe, àfìgbà tí olùkọ́ wa, Dókítà Adéọlá, kó wa lọ sí Ilo-Awela, àdúgbò kan nínú ìlú náà.

Kànga àdúgbò náà, tó wà nítòsí gọ́tà ilé-iṣẹ́ kan, ti ń rùn. Àwọn onílé fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, agbára wọn ò sì ká ju ẹyọ kan lọ. A ń kan irin mọ́lẹ̀, a ń na wáyà, kí a lè fi iná mànàmáná díẹ̀ wá ibi tí omi wà nínú ilẹ̀, ni ìyá àgbà kan bá jáde.

"Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, ẹ tún ti dé! Ilẹ̀ ta lẹ fẹ́ tà lónìí?"

Màmá Sàídì ni wọ́n ń pè é. Dókítà kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ má bínú, Màmá. Omi là ń wá."

Nígbà tí a wọn ilẹ̀ náà tán, alága àwọn onílé fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga náà síwájú ilé òun, torí pé ọkọ̀ agbẹ́kànga máa ráyè wọ ibẹ̀. Dókítà wò mí. "Fọláké, ìwọ lo ṣe ìṣirò. Sọ̀rọ̀."

Mo kọjú sí alága. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, omi abẹ́ ilẹ̀ náà máa ń ṣàn. Láti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ilé-iṣẹ́ yẹn ló ti ń bọ̀ wá síwájú ilé yín. Ẹ̀yìn ilé Màmá Sàídì ló dáa. Amọ̀ ibẹ̀ nípọn, ìdọ̀tí ò ní tètè wọnú omi abẹ́ rẹ̀."

"Tí a ò bá rómi níbẹ̀ ńkọ́?"

"A ó rí i, bàbá." Ohùn mi le ju ọkàn mi lọ.

Wọ́n wó ògiri kan kí ọkọ̀ tó lè kọjá. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, amọ̀ pupa, amọ̀ funfun, amọ̀ ṣáá ló ń jáde. Alága káwọ́ lẹ́yìn, kò wojú mi mọ́. Mo ń gbàdúrà sínú. Ó pẹ́ kí iyanrìn tútù tó dé, lẹ́yìn náà ni omi tú sókè, ó sì rin gbogbo wa.

Màmá Sàídì bu ife kan fún mi. "Ìwọ tó ní ká gbẹ́ ẹ síbí, kọ́kọ́ mu ún."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná."

"Áà! Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àti alága pàápàá.

A gbé omi náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa. Kò ní àbùkù kankan. Mo padà lọ bá Màmá, mo gba ife, mo mu ún tán lójú ẹ̀. Ó tún bu òmíràn. "Gbà sí i, Olómi."

Èmi náà ti di olùkọ́ ní ẹ̀ka kékeré yẹn báyìí. Dókítà ni wọ́n ń pè mí ní yunifásítì. Ní Ilo-Awela, Olómi ni mí.