Ọ̀rá Tí Wọ́n Wí, Ọ̀rá Tí Mo Kọ

Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bú ẹlòmíì.

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n ṣí ẹnubodè padà ni, láyé ìjọba sójà wa, nígbà tí àṣẹ wà pé ká máa pe ara wa ní kamaradi. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé wa n'Ìfọ̀nyìn, níhà ẹnubodè tí ìjọba ti ń fi Faransé kọ̀wé. Àwọn àgbà kan ti ìhà Nàìjíríà wá bá wa ṣèpàdé ní Daagbé lórí odò tó pa wá pọ̀, tó ń ṣàn lọ sọ́sà, tí ọ̀sà sì ń gbé e lọ sókun. Wọ́n ní àwọn apẹja ń ké. "Ọ̀rá ti bo ojú omi, ọ̀rá ń pa ẹja. Ẹ jẹ́ ká jọ náwó sí i, ká jọ tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ìjọba méjèèjì, kí ọ̀rá má wọ òkun mọ́." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn dénú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rá ni ohun tó ń léfòó lórí ọbẹ̀ ẹran. Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń di iyọ̀ àti ṣúgà sí, sàṣẹ́ là ń pè é. Ta ló sọ fún mi pé sàṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń pè ní ọ̀rá lọ́hùn-ún? Mo jókòó, mo fi Faransé kọ ọ́ síjọba: graisse, ọ̀rá ọbẹ̀. Mo tún fi ọgbọ́n tèmi kún un, pé àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ epo létí odò ló ti ń wá. Akọ̀wé kọwúrà! Àfọwọ́fà gbáà.

Ìrànlọ́wọ́ ò dé. Àṣẹ ló dé, pé kí wọ́n dí gbogbo ẹkù tó wà létí odò, àwọn kòtò tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn di epo. Ti ìyá mi wà níbẹ̀. Òun ló fi tọ́ wa, òun náà ló fi rán mi nílé ìwé tí mo ti kọ́ Faransé ọ̀hún. Àwọn ọkùnrin kó ṣọ́bìrì dé, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí ẹkù náà níṣojú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Kí lepo mi fi ṣe wọ́n?"

Lóṣù kejì lẹ́yìn náà, ará òdìkejì kan gun kẹ̀kẹ́ wá, ó fa sàṣẹ́ yọ lápò: "Ọ̀rá yìí ńkọ́, ibo lẹ bá a dé?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé sàṣẹ́ ni wọ́n ń wí látìgbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé àtúnṣe. Ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba tí mo kọ ọ́ sí ní, "Kamaradi, ohun tí a bá ti buwọ́ lù, a ti buwọ́ lù ú." Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Sàṣẹ́ ń wọ́ lọ sókun, àwọn ará òdìkejì ò sì padà wá ṣèpàdé mọ́. Wọ́n ní a fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá mi ò mọ̀wé. Ó ń rí mi tí mò ń kọ, tí mò ń ránṣẹ́, ó rò pé mò ń bá òun bẹ̀bẹ̀ ni. Nígbà tó wá di pé epo rírà ló fi ń sebẹ̀, bí àlejò bá wọlé, á nawọ́ sí mi: "Gbogbo ayé dákẹ́, ọmọ mi yìí nìkan ló bá mi jà. Olúwa á gbè ọ́, ọmọ mi." Títí tó fi kú ló ń ṣàdúrà yẹn fún mi. Èmi náà á sì ṣe àmín.